Aago Tí Ó Fẹ́ Fẹ̀yìn Mi Tì

Ọyẹ́ mú gan-an ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo padà sí Àkúrẹ́. Ó bo ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ tó gbé wa láti Oǹdó kò pa iná ọkọ̀ rẹ̀ títí a fi wọ ìgboro. Ètè gbogbo wa ti funfun. Mo fi ìborùn wé orí, mo gbé báàgì sẹ́sẹ̀, mo wá gbá aago ara ògiri kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Inú mi dùn. Ilé ni mò ń lọ, iṣẹ́ mi ni mò ń padà sí.

Oúnjẹ ni mò ń sè, ní ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Àkúrẹ́, èkejì wà ní Oǹdó, ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní ti Àkúrẹ́. Àwọn tí mo bu ẹ̀wà fún nígbà kan ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Nígbà tí olórí ilé ìdáná ti Oǹdó fẹ́ bímọ, ìyá tó ni ilé ìwé, Màdáámù wa, pè mí.

"Màmá, ẹ bá mi lọ di ààyè rẹ̀ mú. Bó bá ti padà dé, ẹ̀yin náà ẹ padà síbi iṣẹ́ yín."

Mo ní kò burú.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá ń kúrò níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ìtòsí ló ń lọ, a ní láti ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fún mi ní aago yìí. Fọ́tò mi wà lójú rẹ̀, wọ́n kọ òyìnbó sí abẹ́ fọ́tò náà. Bíbélì Yorùbá ni mo lè kà, òyìnbó kò yé mi. Mo rò pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo gbé e kọ́ sí yàrá mi ní Oǹdó. Ẹni tó bá wọlé á wò ó, á ní ẹ kú oríire, èmi náà á ní ẹ ṣeun.

Olórí ilé ìdáná náà bímọ, ó sinmi, ó padà. Mo fa kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lé e lọ́wọ́, mo gbé ọmọ rẹ̀ jó, mo sì di ẹrù mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ti Àkúrẹ́, obìnrin kékeré kan ló wọ épírọ́ọ̀nù mi, ó ń ro ìkòkò mi. Kí n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, bọ́sà, ẹni tó ń bójú tó owó ilé ìwé, ránṣẹ́ pè mí. Bọ́sà tuntun ni, lẹ́yìn tí mo lọ ló dé.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Iṣẹ́ ni mo dé sí, ọ̀gá."

"Iṣẹ́ wo? Ti Oǹdó ti parí. Kọ́ńtíráàtì ìgbà díẹ̀ ni, ìgbà rẹ̀ sì ti pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi padà sí ti ibí nìyẹn."

"Ti ibí kẹ̀? Ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì! Mo rí fọ́tò ayẹyẹ yín." Ó na fóònù sí mi. Èmi nìyẹn, mo ya ẹnu, mo gbé aago dání. "Ohun tí wọ́n kọ sójú aago yín nìyí: ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì."

Mo wo aago tó wà lórí itan mi. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àyà mi sì já. Ta ni yóò gba arúgbó bíi tèmi síṣẹ́ tuntun? Èmi kò sì fẹ́ jókòó máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ mi.

Mo fara balẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tí mo lọ dúró fún, nígbà tó bímọ tán, ṣé ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Rárá o. Ààyè rẹ̀ ni."

"Èmi tí mo bá a di ààyè tirẹ̀ mú, ta ló wá bá mi di tèmi mú?"

Ó họ orí, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, aago yín ló dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe Màdáámù."

Mo lọ dúró ní ilé ìdáná. N kò lè káwọ́ gbera, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ta ló lọ ṣe aago. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìsinkàn, bojú.

"Èmi ni o. Oníaago ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní ìyá wa kan ń kúrò níbi iṣẹ́. Ó wo fọ́tò yín, ó ní ó ti yé òun."

"Kí ló yé e?"

"Ewú orí yín ni!"

"Háà! Ewú mi ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àyàfi obìnrin kékeré yẹn. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹni tó fẹ̀yìn tì ni mo rọ́pò."

"Dìde jàre. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

Ẹnu ibẹ̀ la wà tí Màdáámù àti bọ́sà fi wọlé. Màdáámù gba aago, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló fẹ̀yìn Màmá tì tí n kò gbọ́? Èmi ni mo rán an. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tó lọ ṣe fún wa kò pa èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò já. Àkókò tó lò ní Oǹdó náà wà nínú rẹ̀."

Bọ́sà ní, "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ó yẹ kí n ti béèrè."

Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí Màdáámù sọ sílẹ̀ fún mi. "Ní Yorùbá o, kí n lè kà á fúnra mi."

"Ọmọ yìí ńkọ́?" Màdáámù nawọ́ sí obìnrin kékeré náà, tó ti fajú ro.

"Ẹ jẹ́ kó máa bá mi ṣe é. Orúnkún mi àti ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́." Màdáámù gbà; ó ní ọmọ ilé ìwé náà ti pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo tètè dé. Mo gé bébà pẹlẹbẹ kan, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé, "Mo ti padà." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, mo ní kí obìnrin kékeré bá mi gun àpótí, ó gbé aago kọ́ sókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà mo gba épírọ́ọ̀nù mi, mo sì gbé omi ògì kaná.