Ilẹ̀ Tí Mo Pè Ní Òfìfo

Ní ìgbà ìjọba alágbádá, lẹ́yìn tí àwọn ológun padà sí bárékè, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta. Ìlú ń fẹ̀. Ilé ti kún ìsàlẹ̀ Aké, àwọn ọmọ kò sì ní ibi tí wọ́n ti lè ṣeré mọ́ àfi títì. Mọ́tò gbá Rísìkátù, ọmọ kíláàsì mi, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ní ọ̀nà Ṣàpọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún pápá ìṣeré.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwọ́de wa ló gba pápá náà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ dáadáa. A wọ́de lóòótọ́, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní kí a fi ilẹ̀ tí a fẹ́ hàn. Èmi tí mo ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ni ẹgbẹ́ ní kí n ya àwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lábẹ́ àpáta. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n nínú oṣù keje, mo sì kọ ọ́ sí àárín àwòrán náà gàdàgbà: "Ilẹ̀ òfìfo." Wọ́n fọwọ́ sí i. Inú wa dùn.

Ní oṣù kọkànlá, ọ̀gá kan dé láti ọ́fíìsì ètò ìlú pẹ̀lú èèkàn láti fi sàmì sí pápá. Èmi ni mo mú un lọ. Nígbà tí a débẹ̀, a kò rí ilẹ̀. Aṣọ àdìrẹ tútù ló bò ó láti òpin kan dé èkejì, àwọn obìnrin aláró sì jókòó yí i ká.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó aṣọ yín. Iṣẹ́ ìjọba la bá wá," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o," ni Ìyá Rísìkátù dáhùn. "Aṣọ ò tíì gbẹ. Ẹ jókòó dè é."

"Màmá, ìwé wa sọ pé kò sí nǹkan kan níbí."

"Gbogbo wa yìí ni kò sí nǹkan kan? Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀gá nawọ́ sí mi.

"Háà! Tíṣà wa! Ìgbà wo lẹ wá wò ó?"

"Àsìkò òjò ni, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Òjò ń rọ̀, tíṣà ń wá aṣọ tí wọ́n sá! Ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa?"

Ojú tì mí. Ìyá Rísìkátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló kán. Mo fẹ́ pápá jù yín lọ. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n máa sá aṣọ tí mo fi ń bọ́ ọ?"

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ó ní òun á dá ìwé padà nìyẹn. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: pápá ti lọ.

Ìyá Rísìkátù tún sọ̀rọ̀. "Aago mẹ́ta, aṣọ wa ti gbẹ. Kí àwọn ọmọ máa gbà á lọ́wọ́ wa nígbà náà."

"Àwòrán wa ò ní ibi tí à ń kọ aago sí, Màmá."

"Tíṣà á kọ ọ́. Ṣebí òun ló kọ ti àkọ́kọ́."

Mo kọ ọ́ sí etí àwòrán tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó kan èèkàn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí a rí gbà nìyẹn: àwọn ọmọ kúrò ní títì, àwọn aláró kò sì kúrò nílẹ̀ wọn. Jangílófà tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣèlérí fún àwọn ọmọ kò dé rí. Ṣùgbọ́n èmi kò ronú kan ẹ̀dà àwòrán tó wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdajì pápá ti di ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo lọ bèèrè ìdí ní ọ́fíìsì náà, akọ̀wé kan níbẹ̀ ṣí fáìlì, ó sì fi hàn mí: "Ilẹ̀ òfìfo." Ìkọ̀wé mi ni, ó hàn ketekete.

Ìdajì tó kù ni Rísìkátù ń sá aṣọ sí báyìí. Bó bá di aago mẹ́ta, á kó o kúrò nílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo ti ya àwòrán mìíràn, aago wà nínú rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó wà lórí tábìlì wọn ní ọ́fíìsì ètò ìlú, ó ń dúró de ìfọwọ́sí. Ọjọ́ tí oòrùn ràn ni mo lọ wọn ilẹ̀ náà.