Sàrátù Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Po Káàdì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Olúdọ̀tun, ọ̀rẹ́ tí Fàtáì ń bá ta ayò káàdì ní àdúgbò Ofin, ni Fàtáì ti panu mọ́. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Fàtáì. Bó bá jẹun tán, ògiri ni yóò máa wò. Ẹ̀rù ba Sàrátù, ìyàwó rẹ̀, nítorí irú ìdákẹ́ báyìí ló pa bàbá tirẹ̀. Ó gbé káàdì síwájú ọkọ rẹ̀, ó ní kó kọ́ òun.

Fàtáì gbà, ṣùgbọ́n ó ní òfin òun àti Olúdọ̀tun kò yí padà: ẹni tó bá pàdánù ni yóò po káàdì. Ta ni yóò sì pàdánù bí kò ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ? Wàhálà ibẹ̀ ni pé ogójì ọdún ni Sàrátù fi ṣa obì tà, tó ń yọ pupa kúrò lára funfun. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń kó káàdì pupa sọ́dọ̀ pupa, dúdú sọ́dọ̀ dúdú. Nígbà tí Fàtáì pín in, pupa ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òjóró ni Sàrátù ṣe, ó da káàdì sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

“Bàbá Rasheedat, ẹ má bínú, ọwọ́ obì ni. Ẹ sọ bí mo ṣe máa ṣe é.”

Fàtáì ní kó dojú káàdì délẹ̀, kó pín in sí méjì, kó máa ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Ẹnu ló fi kọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ forí jì mí, ilé ìmàle ni mo ti ń pa irú òwe yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gba Sàrátù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Sàrátù jẹ, Fàtáì pàdánù. Ó ti káàdì sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Fàtáì gbé e láti pò ó, gbogbo rẹ̀ fọ́nká sórí ẹní. Ó tún un gbé, ó tún fọ́nká. Kò mọ̀ ọ́n pò. Ní ọdún mọ́kànlá tó fi bá Olúdọ̀tun ta káàdì, kò pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kò po káàdì rí.

“Kò sẹ́ni tó ń jẹ fún ọdún mọ́kànlá,” Fàtáì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ṣe ni Olúdọ̀tun ń fi í sílẹ̀ fún mi.”

Ó sunkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sì ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún Sàrátù títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.