Àbẹ̀ní, Ẹni Tó Ń Tẹ Èékánná Wò

Àbẹ̀ní, ó di gbére, ó dojú àlá. Ìyá Roza, nọ́ọ̀sì àtàtà, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, o fi mí sílẹ̀ nìkan nínú ilé ẹ̀bá òkè. Ta ni kí n máa kí káàbọ̀ nírọ̀lẹ́?

Gbogbo ẹni tó wá sin ọ́ lónìí ló mọ ọwọ́ rẹ. O kì í kí ènìyàn kí o má di ìka rẹ̀ mú, kí o tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí o wá jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o máa wo bí ẹ̀jẹ̀ yóò ti tètè padà. Àwọn tó ń wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà Mímọ́ ní Arigbo lóṣù kẹjọ, o tẹ tiwọn. Àlùfáà ìjọ wa kò bọ́ níbẹ̀. Èmi ọkọ rẹ, àràárọ̀ ni tèmi. Wà á ní, "Ó ti padà, Bàbá Roza. Ẹ máa lọ sóko."

Nílé ìwòsàn, ìwọ àti dókítà ọ̀gá rẹ ń dán oògùn kan wò fún àwọn tí kòkòrò àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí tansíọ̀n wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, já wálẹ̀, tí ara wọn ń tutù. Oògùn tó ń gbé tansíọ̀n sókè ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá tuntun yìí yóò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé inú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ìwọ lo máa ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré sábẹ́ ahọ́n aláìsàn, láti wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń rìn. Ọmọ Paouignan, ìlú etí títì, ni ọ́, bí ọmọ Paouignan lo sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: "Bọ́ọ̀sì ń sáré kọjá lójú títì látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé ìyẹn ni pé ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa?"

Àwọn kan ń gba oògùn náà kún ìtọ́jú wọn, àwọn kan ń gba omi oníyọ̀. Ìgò méjèèjì jọra, ìwọ pàápàá kò mọ èyí tó ń kán sára ta ni. Àwọn ẹbí a máa bẹ̀ ọ́ pé kí o fún èèyàn àwọn ní gidi. Wà á jókòó tì wọ́n, wà á ní, "Bí mo bá mọ̀, ojú àánú ni n ó máa fi wo ẹ̀rọ, n kò ní rí òótọ́ mọ́." Lọ́jọ́ kan o délé, o sọ fún mi pé, "Bí àìsàn yìí bá kàn mí, ẹ fi mí sínú ìdánwò náà. Ẹ má sì bi wọ́n pé ìgò wo." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ìwọ tí o ń tẹ èékánná gbogbo ènìyàn, o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ tìrẹ. Òkúta gé ọ lẹ́sẹ̀ lórí òkè, o fi aṣọ dì í, o ní kò tó nǹkan. Nígbà tí a fi máa gbé ọ dé ilé ìwòsàn, kòkòrò ti gba ojú ọgbẹ́ náà wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ara rẹ ti ń tutù. Dókítà bi mí bóyá kí wọ́n fi ọ́ sí i. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ, mo gbà. Wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ sábẹ́ ahọ́n tìrẹ, mo wá rí ohun tí o ti ń sọ látọjọ́ yìí: tansíọ̀n gòkè díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ kò mira. Mo tẹ èékánná rẹ. Ó funfun, kò sì pọ́n padà.

Dókítà ní òun lè sọ ìgò tó kàn ọ́ fún mi, bí iṣẹ́ náà bá parí. Ó ń jẹ mí lọ́kàn, Àbẹ̀ní. Bó bá jẹ́ omi lásán ńkọ́? Mo lè wà láàárín ebè iṣu kí n kàn dúró, ọkọ́ lọ́wọ́, kí n máa rò ó. Ṣùgbọ́n o ní kí n má bi wọ́n, n kò sì ní bi wọ́n.

Lẹ́yìn òní, Roza ọmọ wa yóò padà sí Kútọnu, ilé yóò sì dá. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ èékánná ara mi báyìí lórí àga rẹ, mo ń wò ó bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé. Kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé kí n máa lọ.

Ó ti padà, Ìyá Roza. Mo ń lọ sóko. Sùn re, aya mi.