Ìdì Ọwọ́ Òsì Lórí Ọkọ̀ Eléríà

Kò sí ẹni tó mọ iṣu dì mọ́ igi ní gbogbo Ìpàpó bíi Gbádébọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bí ó bá ti yí okùn sẹ́yìn, tó fi ìdí okùn náà gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, tó wá fún un, iṣu yẹn kò tún já bọ́ mọ́ láéláé. Wọ́n ní atẹ́gùn ọdún kan wó ọgbà iṣu kan lọ́nà Òtu, ó gbé igi ibẹ̀ fò lọ títí, ó lọ jù wọ́n sílẹ̀ nítòsí Ìṣẹ́yìn. Iṣu tí Gbádébọ̀ dì ṣì wà lára igi wọn, kò sí èyí tó mira. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ bi àwọn ará Ìṣẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n jẹ ẹ́.

Àléébù kan ṣoṣo tí ìdì ọ̀hún ní ni pé kò sí ẹlòmíràn tó lè tú u. Abọ́dúnrìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwọn méjèèjì kò tíì hù, kò rí i tú rí. Bí wọ́n bá kọ ebè lóko Abọ́dúnrìn lónìí, oko Gbádébọ̀ ló kàn. Bó bá sì di àsìkò àti kó iṣu sọ́gbà, Abọ́dúnrìn á di apá ọ̀tún, Gbádébọ̀ á di apá òsì. Èyí ló fà á tí Àdìjátù, ìyàwó Abọ́dúnrìn, fi máa ń pariwo lẹ́yìn ilé:

"Bàbá Waheedat, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Bàbá Sọ̀fíyàt o. Mo fẹ́ gúnyán, iṣu wà látìmọ́lé!"

Gbádébọ̀ á dé, á na ọwọ́ òsì, á fa ìdí okùn lẹ́ẹ̀kan báyìí, iṣu á bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ìyàwó, bí mo bá wá kú ńkọ́?"

"Ebi pa wá nìyẹn."

Á rẹ́rìn-ín, á jókòó de iyán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn.

Lọ́dún tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, olè gba ọ̀nà oko kan. Kì í ṣe olè tó ń jí iṣu méjì sábẹ́ agbádá o. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Àdúgbò Ìdí-Ayin bá pawọ́ pọ̀, wọ́n ra wọkitọ́kì, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n pín in fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, wọ́n fi Abọ́dúnrìn ṣe olórí. Gbádébọ̀ náà gba ọ̀kan. Waheedat, ọmọbìnrin Abọ́dúnrìn, tó ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi sólà ṣáájì fóònù, ló ń bá wọn ṣáájì àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìdajì bá wà lọ́nà oko, ìdajì a wà lórí tábìlì rẹ̀.

Àfi bíi pé olè ló ra ẹ̀rọ náà fún wọn. Bí Abọ́dúnrìn bá ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ gba ọ̀nà Òtu, olè á gba ọ̀nà odò. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sáré dé ọ̀nà odò, ipa taya ọkọ̀ olè nìkan ni wọ́n á bá nílẹ̀. Wọ́n kó iṣu Ìyápọ̀. Wọ́n kó ti Wàsíù. Wọ́n kó ti Gbádébọ̀ pàápàá, ọkùnrin náà sì jókòó sínú ọgbà rẹ̀ tó ṣófo, ó sunkún títí tí omi ojú rẹ̀ ì bá fi tó bomi rin ebè. Abọ́dúnrìn bá a sunkún. Ó ṣí ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó ní kó máa wá mú iṣu títí tí tuntun yóò fi ta.

Ọgbà Abọ́dúnrìn yìí nìkan ni olè kò fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Wàsíù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta níwájú Baálẹ̀ àdúgbò.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Olè ń gbọ́ ohun tí a ń sọ lórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ ta ni ẹ̀rọ wa ń wà látàárọ̀ dalẹ́? Ọwọ́ Waheedat. Iṣu ta ni olè kò kó? Ti bàbá Waheedat. Àbí iṣu tiwọn ń géni jẹ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Waheedat dìde. "Bùọ̀dá Wàsíù, èmi tí mo ń ṣáájì ẹ̀rọ yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ń pè lólè?"

"Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ẹnu dákẹ́. Ó ní bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán tí a kò tíì mọ ẹni tó ń ta àdúgbò, kí Waheedat palẹ̀ sólà rẹ̀ mọ́, kó sì kúrò ní Ìdí-Ayin. Abọ́dúnrìn wo Gbádébọ̀. Gbádébọ̀ ló fi oyin sí ọmọ yìí lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Gbádébọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀, kò fọhùn. Abọ́dúnrìn rò pé ìbànújẹ́ ló dí i lẹ́nu.

Ní gbogbo àkókò yìí, bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn ilé kéwú, níwájú ilé kan tí wọn kò kọ́ parí. Àwọ̀ eruku ni. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, ọ̀pá éríà sì yọ lórí rẹ̀, ó ga débi pé lékeléke tó bá ń fò bọ̀ ń yà fún un. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà nínú rẹ̀ ní nẹ́tíwọ̀kì làwọn wá tún ṣe. Inú gbogbo àdúgbò dùn. Ta ni kò fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì? Àdìjátù nìkan ni kò gbà.

"Bàbá Waheedat, láti ìgbà tí wọ́n ti ń tún un ṣe yìí, orí àpáta ni mo ṣì ń gùn kí n tó lè bá àbúrò mi ní Ṣakí sọ̀rọ̀. Orúnkún mi ni nẹ́tíwọ̀kì tí mo mọ̀. Ta tilẹ̀ ni onílé wọn?"

Ìbéèrè yẹn ta Abọ́dúnrìn bí agbọ́n. Ní Ìpàpó, àlejò kì í gbélùú láìní onílé. Onílé ni yóò mú un lọ kí Baálẹ̀, tí yóò ní, "Èmi ni mo gbà wọ́n sílé." Ó wádìí ká àdúgbò. Ìyápọ̀ rò pé Wàsíù ni onílé wọn. Wàsíù rò pé ìmáàmù ni. Ìmáàmù rò pé Abọ́dúnrìn ni, nítorí òun ni olórí ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì náà ṣe jókòó sáàárín wọn, tí oníkálukú ń kí i bí àlejò ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, tí àáró kan oko Abọ́dúnrìn, ó ní kí Gbádébọ̀ máa kọ ebè lọ, òun ń bọ̀. Ó di iṣu sínú agbọ̀n, ó gbé e lọ kí àwọn àlejò. Ta ló máa fura sí bàbá arúgbó tó gbé iṣu lérí?

"Ẹ kú àtìpó o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó sún mọ́ fèrèsé. Bí wọkitọ́kì tó wà ní ìbàdí rẹ̀ ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn:

"Bàbá Waheedat, Ìyápọ̀ ni o! A ti kúrò lọ́nà odò, ọ̀nà Òtu la forí lé."

Ìyápọ̀ kejì sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà nínú bọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tún já gaara ju ti ìbàdí lọ. Abọ́dúnrìn yára pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Irun orí rẹ̀ gbé fìlà kúrò lórí. Ó gbójú sókè kí ó lè wo éríà náà dáadáa, ó sì rí ohun tí kò wá wá. Igi ayin kan ni wọ́n gbé dúró lórí ọkọ̀, wọ́n fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ di ọ̀pá éríà mọ́ ọn. Ìdì náà yí sẹ́yìn. Ìdí rọ́bà náà gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá.

Ó gun taya, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á. Ó tún fún sí i ni.

"Bàbá, kí lẹ ń wá lókè?" Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti yọrí lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

"Iṣu ni mo gbé wá fún yín. Ebi kì í pa àlejò nílùú wa. Ta ni onílé yín, kí n bá yín kí i?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, Bàbá."

Abọ́dúnrìn kò fi ẹ̀rọ pe ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ló fi pe àwọn ẹ̀ṣọ́, láti ojúlé dé ojúlé, títí dé ọ̀nà Òtu. Wọ́n yí bọ́ọ̀sì náà ká. Ìyápọ̀ dùbúlẹ̀ síwájú taya rẹ̀ (nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti ní òun fi èjìká gbé e ni). Wọ́n mú àwọn ọkùnrin méjèèjì, ọlọ́pàá wá kó wọn, wọ́n kó rédíò ńlá ńlá inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Igi àti ọ̀pá éríà nìkan ni Abọ́dúnrìn tọrọ. Wọ́n fún un. Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ fi igi ṣe?

Ó rò pé ó parí. Wàsíù ló ní kò tíì parí.

"Ó dáa, a rí olè. Ta ló fi ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ wa fi ń sọ̀rọ̀ hàn wọ́n? Ọmọ yín ṣì ni. Jímọ̀ kò yẹ̀."

Nígbà tí Abọ́dúnrìn fi dé oko, oòrùn ti ń rọ̀. Gbádébọ̀ ti kọ ebè tó ju ti èèyàn méjì lọ, ebè títò lọ réré, kò sí èyí tó wọ́.

"O pẹ́," ni Gbádébọ̀ wí. "Wá jẹ ẹ̀wà. Mo ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ."

"A ti mú bọ́ọ̀sì yẹn."

Ọkọ́ dúró lókè. Ó rọra sọ̀kalẹ̀.

"Mo rí ìdì rẹ, Gbádébọ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. "Wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn. Wọ́n ní ajínigbé làwọn ń dẹtí sí. Mo yá wọn ní ẹ̀rọ mi kí wọ́n fi mọ ojú ọ̀nà, mo bá wọn di ọ̀pá. Nígbà tí mo fi mọ ohun tí wọ́n jẹ́, mo ti jẹ nínú owó wọn."

"Wọ́n kó iṣu tìrẹ."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura."

"O sunkún. Mo bá ọ sunkún! O ń jẹ iṣu mi títí di òní!"

"Tìrẹ ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn." Gbádébọ̀ gbójú sókè wò ó. "Mo ní bí wọ́n bá kan tìrẹ pẹ́nrẹ́n, n ó tú àṣírí. Abọ́dúnrìn, nínú gbogbo Ìdí-Ayin, ìwọ nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ẹ̀bẹ̀ tí o bẹ̀ fún mi ni wọ́n fi ń lé ọmọ mi kúrò nílùú. O jókòó níbẹ̀. Etí rẹ gbọ́ ọ."

Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha erùpẹ̀ ara ọkọ́ rẹ̀ kúrò.

"Lọ bá Baálẹ̀ fúnra rẹ kó tó di Jímọ̀," ni Abọ́dúnrìn wí. "Èmi kò ní fi ẹnu mi dárúkọ rẹ."

Gbádébọ̀ mi orí, ó ní òun á lọ.

Jímọ̀ dé, wọ́n kírun tán. Gbádébọ̀ wà láàárín èrò, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Baálẹ̀ kò mẹ́nu kàn án, nítorí kò sẹ́ni tó wá bá a. Wọ́n pe Waheedat síwájú. Ó ti di sólà rẹ̀ sínú aṣọ. Abọ́dúnrìn wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tẹ̀sùbáà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kà, bí ẹni pé Ọlọ́run nìkan ló wà níbẹ̀.

Abọ́dúnrìn wọ igi ayin àti ọ̀pá éríà náà wá sáàárín agbo.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹni tó gba àwọn olè yìí sílé ló bá wọn di èyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi tú u. Bó bá tú, ẹ lé e."

Waheedat tú u títí, èékánná rẹ̀ kán. Wàsíù já a gbà, ó fi eyín fà á, eyín kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìyápọ̀ gbìyànjú. Ibẹ̀ ló ti yé gbogbo èèyàn, nítorí kò sí ẹni tó wà nínú agbo náà tí kò tíì jẹ iṣu àtìmọ́lé rí. Ojú wọn yí síbì kan náà.

Gbádébọ̀ dìde. Ó fi tẹ̀sùbáà sápò. Ó na ọwọ́ òsì, ó fa ìdí rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá éríà ṣubú lulẹ̀ gbàlà.

"Ẹ má fìyà jẹ ọmọ náà mọ́," ló wí.

Ọlọ́pàá mú un lọ sí Ṣakí. Wàsíù dọ̀bálẹ̀ fún Abọ́dúnrìn, ó bẹ Waheedat títí. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ kò ti kúrò lórí tábìlì Waheedat, bí ó tilẹ̀ ti kún.

Àáró kì í ṣe gbèsè tí à ń jẹ láìsan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Abọ́dúnrìn nìkan gbé ọkọ́ lọ sí oko Gbádébọ̀. Ó kọ ebè níye èyí tí Gbádébọ̀ kọ fún un, ó tò wọ́n dáadáa, kò jẹ́ kí ọ̀kan wọ́. Sọ̀fíyàt, ọmọ Gbádébọ̀, bu omi wá fún un, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó mu omi náà tán. Ó so ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ sílé, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àáró mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àdìjátù dúró lẹ́nu ọgbà. Apá ọ̀tún ti tán. Ìdì apá òsì nìkan ló kù, ìlà kan tọ̀ọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

"Bàbá Waheedat, mo fẹ́..." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Abọ́dúnrìn wọlé lọ mú ọ̀bẹ. Ó di okùn àkọ́kọ́ mú, ó wá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà á. Okùn náà fún sí i. Ó bá gé e.