Irú Tí Màámi Ń Sè

Òórùn irú ló máa ń dá mi padà sí kíláàsì wa n'Ísẹ́yìn. Tíṣà ní kí a fi gẹ̀ẹ́sì ròyìn ohun tí ìyá wa ṣe nígbà ọlidé. Ẹni tó bá sọ ohun tó ti kọjá bí èyí tó ń lọ lọ́wọ́ yóò jẹgba.

Nílé, wọ́n ní màámi rìnrìn àjò. Mo dìde, mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ń se irú, ó ń fínná, ó ń pè mí.

“Ẹ nà án, sà!” ni àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo.

Tíṣà gbé ẹgba sílẹ̀. “Jókòó, ọmọ mi. Ó tọ̀nà.”

Mo fi ayọ̀ jókòó, mo ń retí kí màámi dé kí n ròyìn fún un. Àṣé tíṣà wà lára àwọn tó kírun sí òkú rẹ̀ lára.