Ọ̀pá Fìtílà Karùn-ún

Òórùn káfúrà ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo ṣí àpótí náà. Òjò ti rọ̀ wọ yàrá mi ní Ìbà, bó ṣe máa ń wọ gbogbo ilé tó sún mọ́ gọ́tà ńlá wa, mo sì ti ń kó ẹrù sórí tábìlì láti àárọ̀, mò ń fi àkísà nu ìdí àpótí kọ̀ọ̀kan, mò ń ya ohun tí omi dé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí omi ò dé. Omi ò dé inú àpótí yẹn. Aṣọ funfun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo fi ọ̀rá wé, mo sì mọ ohun tó jẹ́ kí n tó tú u. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Mo ní kí n kàn wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Kòkòrò ò jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí mo gún un sí lọ́jọ́ tí mo gbé e jáde kẹ́yìn, ó ti dípẹtà.

Aṣọ ìkélé pẹpẹ ni. O mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, lápá Okokomaiko. Ìkélé tó wà níwájú pẹpẹ wa nígbà náà ti pọ́n bí omi tíì, nígbà tí ìkórè sì ku oṣù márùn-ún, mo dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin, mo ní èmi ni màá rán òmíràn. Mo ní ọ̀pá fìtílà méje ni màá fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọnà rẹ̀ sí i lára, abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan, ẹ̀rọ ò ní kàn án. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá ìjọ, tó jẹ́ olórí wa, ní kí á pín in láàárín àwọn tó mọ abẹ́rẹ́ lò, kí olúkúlùkù fọwọ́ kàn án, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán ti àtijọ́. Mo ní rárá, pé ọwọ́ méjì kì í bára dọ́gba lára aṣọ kan.

"Ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fẹ́ rí lára aṣọ náà ni?" ni ìyá ìjọ wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìwé mi parí sí, ṣùgbọ́n tí mo bá fi abẹ́rẹ́ sí aṣọ, o lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ní àràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá fọ ọwọ́, màá bọ́ bàtà, torí a kì í wọ bàtà dúró ti ohun mímọ́, màá wá na aṣọ náà sínú òrùka igi kí ó le dáadáa, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, ìrán kan ń tinú èkejì jáde. Ọ̀pá kan ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù nìkan ni n kì í fọwọ́ kàn án. Òfin ìjọ wa nìyẹn: obìnrin tó bá wà nínú ọjọ́ rẹ̀ kì í wọ ilé ìsìn, kì í sì í fọwọ́ kan ohun tó máa wọ ibẹ̀. Ọjọ́ méje ni, ara mi kì í sì í balẹ̀ títí yóò fi pé.

Inú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wà, mo ti parí ọ̀pá mẹ́rin, nígbà tí ọ̀gá mi wá kí mi. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ aránṣọ ní Òjó lẹ́yìn tí mo parí ìwé, ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé ẹ̀yìn aṣọ la ti ń mọ aránṣọ, pé ojú aṣọ lè parọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n ní ọdún tó ṣáájú, ó mú apá ọ̀tún. Wọ́n ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà ò tíì lè di ṣíbí mú dáadáa.

"Ní àwọn ọjọ́ tí o ò lè fọwọ́ kàn án yìí, jẹ́ kí n gbé e lọ," ni wọ́n wí. "Èmi ti kọjá nǹkan oṣù. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ pé bí ọwọ́ yìí bá tún di abẹ́rẹ́ mú, aṣọ rẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ sinmi ná, mà."

"Kí n sinmi di kí ni? Ọ̀pá kan péré. Àbí o ti gbàgbé ẹni tó kọ́ ẹ?"

Mo nawọ́ sí ibi tó wà, wọ́n sì gbé e fúnra wọn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo wẹ̀, mo lọ gbà á. Ọ̀pá karùn-ún ti wà lára rẹ̀. Ó wọ́ sí apá òsì bí ohun tí afẹ́fẹ́ ń tì. Ìrán kan gùn, èkejì kúrú, iná orí rẹ̀ sì tẹ̀ sílẹ̀. Àmì òógùn wà níbi tí wọ́n ti di aṣọ mú. Ọ̀gá mi ń wo ojú mi.

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Ó dára gan-an, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè díẹ̀, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ ọwọ́, mo bọ́ bàtà, mo gbàdúrà, mo sì fi bíléèdì tú u. Mi ò fi ìbínú ṣe é. Mo tú u díẹ̀díẹ̀ kí aṣọ má baà ya. Mò ń sọ fún ara mi pé ilé Ọlọ́run ni, pé ohun tó pé ló yẹ kí á gbé wá síwájú rẹ̀. Mo rán òmíràn sójú ibẹ̀, ó sì bá mẹ́rin tó kù mu rẹ́gí.

Nígbà tí ìkórè ku oṣù kan, àwọn obìnrin ìjọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wo iṣẹ́. Ọ̀gá mi bá wọn wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìkẹfà nígbà náà.

"Èwo ni ti ọ̀gá ẹ níbẹ̀?" ni ìyá ìjọ béèrè.

Mo na ìka sí ìkarùn-ún.

"Háà! Ẹ wá wò ó!" ni obìnrin kan wí. "Màmá, ọwọ́ yín ti padà sípò! Ẹ ò ní ráyè sinmi mọ́ o, gbogbo wa la máa kó búláòsì wá bá yín."

"Ẹ má dá tiẹ̀ lóhùn o, Màmá," ni obìnrin mìíràn wí, "ó ti sanra ju búláòsì lọ."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá mi náà ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ojú aṣọ náà pẹ́, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi a máa ta òwú ní kókó lẹ́ẹ̀mejì tí mo bá parí. Ọ̀gá mi kì í ta kókó, abẹ́ ìrán ni wọ́n máa ń fi ìdí òwú pamọ́ sí. Ihò abẹ́rẹ́ ti ọ̀pá tí mo tú ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, wínníwínní. Wọ́n yí aṣọ náà sójú, wọ́n tún un tẹ́.

"Ẹ ṣeun," ni wọ́n sọ fún àwọn obìnrin náà. "Ọlọ́run ló ṣe é."

Nígbà tí ó ku èmi pẹ̀lú wọn nìkan, wọ́n ní, "Ta ló rán ìkarùn-ún?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ohùn wọn ò lọ sókè. "Mo mọ̀ pé tèmi wọ́. Ṣé ojú mi náà ló rọ ni?"

Wọ́n sì jáde, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Mo fi àárọ̀ méjì gbìyànjú láti parí ìkẹfà, ọwọ́ mi ò lọ. Mi ò pinnu pé mo fi í sílẹ̀. Mo kàn ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láìkọ́kọ́ bọ́ bàtà ni. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé ojú ń dùn mí. Irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Wọ́n fọ ìkélé àtijọ́, òun la lò fún ìkórè. Nígbà tó yá, ìjọ ra èyí tí ẹ̀rọ ṣe ọnà sí. Ọ̀pá méje ló wà lára rẹ̀, wọ́n dọ́gba ju tèmi lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹni tó rán an rí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo níwà tútù torí pé n kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ lè gbéra ga ju ẹni tó ń pariwo lọ, torí kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ kí wọ́n bá a wí. Láti ọjọ́ tí mo ti dìde nípàdé yẹn, ara mi ni mò ń rán aṣọ náà fún. Ọwọ́ tó jí padà ni ọ̀gá mi fẹ́ gbé síwájú Ọlọ́run. Ohun tí èmi rí kò ju ọ̀pá tó wọ́ lọ. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ tí kò gún wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń béèrè ìdí tó fi ṣe é kí n tó la ẹnu. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọ, kò sì wúlò fún ẹni tó yẹ kó wúlò fún.

Mo lọ bẹ ọ̀gá mi. Lẹ́yìn ìkórè, mo gbọ́ pé àìsàn náà ti tún kọlù wọ́n, ọmọ wọn obìnrin sì ti gbé wọn lọ sílé rẹ̀ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mo tú ọ̀pá karùn-ún tí mo rán, mo gbé aṣọ náà lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, mo tú tiyín, mo sì purọ́ fún yín. Mo ti tú tèmi náà kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an, bó ti wù kó rí." Ọmọ wọn gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lé ojú ibi tó ṣófo. Ọwọ́ náà ò mira. Wọ́n kú kí ọdún náà tó parí, n kò sì tún rí wọn mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Lọ́sàn-án náà, wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n wò mí, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dìde. Mi ò bínú sí ẹ. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ yìí lè rán an."