Omi Sìgá Tó Ń Dúdú àti Imú Mi

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí lóòótọ́ ni ọjọ́ tí oníbàárà kan dá ìgò padà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Wadata, ní Niamey. Ó ní, "Alájì, mísíkì ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi, róòsì lẹ fún mi." Mo ṣí ìgò náà, mo gbé e sí imú. N kò gbọ́ òórùn kankan. Mo ṣí òmíràn, bákan náà ni. Lọ́fínńdà olóròóró ni mo ń tà, bí bàbá mi ti ń tà á kó tó kúrò ní Ìlọrin. Ta ló máa rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò gbóòórùn?

Kí n má parọ́, ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wúkọ́, tí ọ̀fun ń ta mí. Eruku ni mo ń dá lẹ́bi. Ìyá Ràmá, ìyàwó mi, ní, "Eruku tó ń fẹ́ lu gbogbo Niamey, ṣé imú tiyín nìkan ló rí gbà?"

Sìgá oníbátìrì ni n kò dárúkọ. Kí èéfín má baà ràn mọ́ ọjà mi ni mo ṣe pa sìgá gidi tì, tí mo ń fa ti omi aládùn yìí. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi sí i, á mọ́ lóló. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, á pọ́n bí oyin, lẹ́yìn náà á dúdú. Inú mi sì ń dùn! Lẹ́nu iṣẹ́ wa, òróró tó bá pọ́n ló gbó, òun ló wọ́n. Mo gbà pé omi sìgá náà ń gbó ni. N kì í dà á nù, n kì í pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀ tó ń mú omi náà gbóná, tuntun ni mo ń bù lé ògbólógbòó.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà obìnrin kan tan iná sínú imú mi. Ó pe àìsàn náà ní anosimí, ìyẹn ni pé imú kò gbóòórùn mọ́. Awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ti wú. Mo gbé sìgá sórí tábìlì, mo ní kó ṣàlàyé ohun tó ń mú omi yìí dúdú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nikotíìnì, ohun inú tábà tó ń di bárakú, máa ń pààrọ̀ àwọ̀ bí atẹ́gùn bá kàn án, bí iṣu tí a bó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́, ohun adùn inú omi náà ń jó mọ́ wáyà gbígbóná, èérí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ òwú tó ń fa omi sí wáyà náà, á sì padà sínú omi.

"Kò gbó, Alájì, ó jóná ni."

Ó ní òun kò lè búra pé dúdú náà ló ba imú mi jẹ́, ṣùgbọ́n kí n jáwọ́.

Mo jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, gbogbo èèyàn ni mo ń kanra mọ́. Mo ń fi omi iyọ̀ fọ imú. Láràárọ̀ ni Ìyá Ràmá ń fi lọ́fínńdà sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí ó ń gbé e sí mi nímú: "Kí lẹ gbọ́?" Mo ń méfò, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ dé.

"Àlùbọ́sà!" ni mo ké.

"Yéè, mo gbàgbé láti fọwọ́ ni o. N kò tíì fi lọ́fínńdà kankan sí i."

Mo di ọwọ́ náà mú, mo sunkún. Alámùdúlílàhì.

Lọ́jọ́ náà ni mo yọ sìgá tí mo ti jù sínú dúrọ́ọ̀, mo ṣí i. Òórùn ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná ló gbá mi nímú. Àṣé ohun tí mo ń fà sára nìyẹn! Mo ṣe ara mi níkà, síbẹ̀ ara yìí padà gbọ́ tèmi. Mo da omi náà nù, mo fọwọ́, mo gbé ọwọ́ sí imú. Ọṣẹ ni mo gbọ́.